Níbo Ni Nọ́ńbà Tókìn Iná Ti Ṣẹ̀ Wá?

Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo mítà prepaid, yálà ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, mọ bó ṣe ń lọ. Iná tán, a sanwó lórí fóònù tàbí lọ́dọ̀ oní-POS, nọ́ńbà ogún tí à ń pè ní tókìn wọlé, a kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, a tẹ̀ ẹ́ sínú mítà, iná padà dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Òyìnbó ló ronú rẹ̀, pé tiwa kò ju ká máa rà á lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni wọ́n ti bí tókìn. Gúúsù Áfíríkà ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú mítà náà fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Ìlú Ọba a máa pe orúkọ Brownhill ará Birmingham, tó ṣe mítà gáàsì tí wọ́n ń sọ owó onírin sí ní 1887. Ti iná mànàmáná tẹ̀lé e. Àpótí owó lásán nìyẹn. Owó gan-an ló ń wọ inú rẹ̀, ẹnìkan sì ní láti wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i kó o. Ọ́fíìsì kò bá mítà sọ ohunkóhun. Àwọn mìíràn á ní Yúróòpù ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń rán àmì gba orí wáyà iná ní àwọn ọdún 1930, láti tan iná òpópónà tàbí láti pa ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná. Iṣẹ́ tó dára ni, New Zealand ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbọ́ àṣẹ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àṣẹ náà kò sì mọ ẹni tó ti sanwó.

Ohun tí tókìn ń ṣe yàtọ̀. Ọ́fíìsì di ọ̀rọ̀ kan, ó fi lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n rán an sí nìkan ló lè tú u. Àrokò nìyẹn! Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí dunjú, àwọn ará Ìjẹ̀bú ní pàtàkì. Wọ́n á so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, kí ó kojú síra, ẹni tó gbà á á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Iye nìkan ti sọ̀rọ̀. Nígbà tí míṣọ́nnárì C. A. Gollmer kọ nípa irú ìránṣẹ́ báyìí ní 1885, ohun tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa ló ń ròyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Zulu ṣe ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ọmọbìnrin ń fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń wí. Ní Durban, láàárín àwọn Zulu wọ̀nyí, ni Conlog wà, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe mítà prepaid. N kò sọ pé àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ wá kọ́ àrokò ní Ìjẹ̀bú. Mo gbà pé níbi tí ó ti mọ́ aráyé lára láti fi iṣẹ́ tí a dì rán èèyàn, irú èrò yìí kò ní ṣòro bí.

Ipò tó wà nílẹ̀ náà sì fi dandan mú wọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni Eskom, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Gúúsù Áfíríkà, ti ń fa iná lọ sí àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú tí ìjọba apartheid ti patì. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní àdírẹ́sì tí bíìlì lè bá, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní àkáǹtì báńkì, wáyà tẹlifóònù kò sì dé ibẹ̀. Ní Soweto, láti 1986, àwọn èèyàn ti kọ̀ láti san owó ilé àti owó iná, láti fi tako ìjọba. Báwo ni ọ́fíìsì ṣe máa bá mítà sọ̀rọ̀ láìsí wáyà kankan? Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Wọ́n kọ́kọ́ lo káàdì páálí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, nígbà tó yá, nọ́ńbà lásán ti tó. Àmọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta tókìn fún mítà ẹnìkan kò lè tà fún ti ẹlòmíràn. Eskom àti àwọn tó ń ṣe mítà bá fẹnu kò sí ìlànà kan ṣoṣo, STS. Ní 1997 wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀, ó sì di ìlànà gbogbo àgbáyé lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà ogún náà wò. Bíìtì 66, ìyẹn 0 tàbí 1 tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé, ló wà nínú rẹ̀. Iye yúnìtì tí ẹ rà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́jú tí wọ́n tà á. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tó jẹ́ ti mítà yín nìkan ni wọ́n fi dì í, ìdí nìyẹn tí mítà aládùúgbò fi ń kọ̀ ọ́. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mítà á kọ̀, torí pé ó rántí ìṣẹ́jú tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí mi wà nínú ìṣẹ́jú yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni mítà ti ń kà á, àyè bíìtì 24 ni wọ́n sì fún un, ìyẹn ìṣẹ́jú 16,777,216. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni àyè náà kún. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi fún àwa ní Nàìjíríà ní nọ́ńbà ogún-ogún méjì pé ká kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n ká tó tẹ tókìn tí a rà, tí ọ̀pọ̀ sì rò pé jìbìtì ni. Ọdún tí wọ́n ń kọ ìlànà yìí ní Gúúsù Áfíríkà ni gbogbo mítà fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Kò sí 1887 ti Birmingham nínú rẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́. NEPA di PHCN ní 2005, wọ́n ta ọ̀pọ̀ lára rẹ̀ fún àwọn aládàáni ní 2013, ètò MAP, tí àwọn aládàáni fi ń pèsè mítà, jáde ní 2018 láti fi yọ wá lọ́wọ́ bíìlì àfojúdá. Ítálì ti bẹ̀rẹ̀ láti 2001 sí í gbé mítà tó ń sọ̀rọ̀ gba orí wáyà iná sí ilé bí mílíọ̀nù 30, SCADA, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ iná, sì ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣí fídà láti ọ̀nà jíjìn. Nílé wa, mítà lè wà lórí òpó, kí pátákó bọ́tìnì wà nínú pálọ̀, kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba wáyà iná tàbí rédíò. Àwọn tuntun ti ní SIM, ọ́fíìsì lè fi tókìn ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Wọn kò yọ bọ́tìnì kúrò lára wọn, torí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.