Láptọ́ọ̀pù tó fúyẹ́, tó yára, tí kò sì wọ́n: ibo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé?

Ní Òtìgbà, ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, ohun mẹ́ta kan náà ni oníbàárà máa ń kà sílẹ̀ fún ọlọ́jà: kó fúyẹ́, kó yára, kó má sì wọ́n. Ọlọ́jà á ní kò sí wàhálà. Àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fara rọ sínú páálí kan náà, kì í sì í ṣe ìwà ọlọ́jà ló fà á. Iná ni. Iye iná tí ẹ̀rọ kan ń jẹ ló ń pinnu bó ṣe máa wúwo tó àti bó ṣe máa sáré tó, òun náà ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n ń dá lé e.

Processor ló ń jẹ iná yẹn jù nígbà tí iṣẹ́ bá wọ ẹ̀rọ lára. Òun ló ń ṣe gbogbo ìṣirò, gbogbo iná tó bá sì jẹ, ooru ló ń dà. Ooru náà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe processor fi máa ń sọ iye wọ́ọ̀tì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ tí iṣẹ́ bá ń lọ láìdúró. Lára ti Intel, lẹ́tà ìparí nọ́ńbà ni kí èèyàn wò. Èyí tó bá parí sí U, bíi i5-8250U, wọ́ọ̀tì 15 ni wọ́n sábà máa ń ṣírò fún un; èyí tó bá parí sí H, wọ́ọ̀tì 45. Fún wọ́ọ̀tì 15, fáànù kékeré kan àti páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti tó, wọ́n sì lè ṣe ẹ̀rọ oníǹṣì 14 tí kò tó kílò kan ààbọ̀. Wọ́ọ̀tì 45 ń fẹ́ fáànù méjì, bàbà tó nípọn, bátìrì ńlá àti ṣájà tó rí bíi bíríkì. Kí wọ́n tó to gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀rọ ti lé ní kílò méjì, a ò tíì ka ṣájà mọ́ ọn o.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ki processor ńlá bọ inú ara tẹ́ẹ́rẹ́, kí orúkọ rẹ̀ ṣáà lè wà lára páálí. Ibẹ̀ ló yẹ kí olùrà ti la ojú. Tí ooru bá ga kọjá ààlà, processor á dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa bàjẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ á dùn-ún wò, àmọ́ tí wọ́n bá ń to fídíò gígùn lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, fáànù á sì máa han. Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ́sàn-án oṣù kẹta, tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ ti dí ihò abẹ́ rẹ̀, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páálí kì í kọ ìyẹn.

Ìṣirò kan náà ni ti bátìrì. Wh (wọ́ọ̀tì ní wákàtí) ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Bátìrì 50 Wh lára ẹ̀rọ tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 10 á gbé e fún wákàtí márùn-ún. Lára èyí tó ń jẹ 40, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Wọn ò sì lè máa sọ bátìrì di ńlá títí lọ, torí ọkọ̀ òfurufú kì í jẹ́ kí èrò gbé èyí tó ju 100 Wh lọ láìgba àṣẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí èyí tó tóbi jù lára láptọ́ọ̀pù máa dúró sí nǹkan bíi 99. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì wà lára ohun tó ń mú ẹ̀rọ rọrùn láti gbé kiri. Èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ àmọ́ tí kò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. Ṣájà wọ́ọ̀tì 65 kì í ni inverter kékeré lára, àmọ́ ṣájà ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù tó jẹ́ 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tètè fa bátìrì inverter gbẹ.

Owó wá ńkọ́? Tí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹni tó bá fẹ́ kó yára kó tún fúyẹ́ máa sanwó méjèèjì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó á bá èyí tó ní Celeron (processor tó rẹlẹ̀ lára ti Intel), RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 4 GB àti eMMC (ibi ìpamọ́ tó ń falẹ̀) 64 GB pàdé: ó fúyẹ́ lóòótọ́, ó ń dán, àmọ́ tí wọ́n bá ṣí ojú ewé mélòó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ó ti dákú.

Ọjà tòkunbọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ra láptọ́ọ̀pù fún òṣìṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ dànù fún tuntun. Latitude ti Dell, EliteBook ti HP àti ThinkPad ti Lenovo ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ṣe wọ́n le dáadáa, wọ́n sì ṣe wọ́n fúyẹ́ nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rìnrìn àjò. Lọ́jà tòkunbọ̀, ọjọ́ orí ló ń já owó wọn wálẹ̀, ìṣe wọn kò yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní owó Celeron tuntun lọ́wọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba EliteBook 840 G5 pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó ṣeé ki sínú àpò ẹ̀yìn gun dáńfó. Nínú méjèèjì, tòkunbọ̀ ló dáa jù, kò tilẹ̀ súnmọ́ra.

Àmọ́ ìran rẹ̀ ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. i7 ló yẹ kó ga ju i5 lọ lára processor Intel, àmọ́ "i7 ni o!" lásán kò sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni kí wọ́n kà. i7-7500U jẹ́ ìran keje, core (apá tó ń ṣe ìṣirò nínú processor) méjì ló ní. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, core mẹ́rin ló ní, wọ́ọ̀tì 15 kan náà ni àwọn méjèèjì. i5 na i7 níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìran kẹjọ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Intel, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀, Microsoft sì ti fòpin sí ìtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá ra ìran kẹfà báyìí nítorí pé ó dínwó, ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá yẹn.

Apple gba ọ̀nà mìíràn. MacBook Air M1 tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2020 kò ní fáànù rárá, kílò 1.29 ni, síbẹ̀ ó ń sáré ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà tó wúwo jù ú lọ, torí processor rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n ti lẹ RAM àti ibi ìpamọ́ rẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ẹni tó ra 8 GB, 8 GB ló ní títí ayé.

Fún ìyókù, ó kúrú: SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé lórí mọ́, RAM 8 GB ni ìpìlẹ̀, 16 sì tu èèyàn lára. ThinkPad T480 àti 840 G5 ní ihò RAM méjì, nítorí náà èèyàn lè ra 8 lónìí, kó fi 8 kún un tí owó bá wọlé. ThinkPad X1 Carbon fúyẹ́ jù wọ́n lọ, àmọ́ wọ́n ti jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó ń to fídíò tàbí tó ń yàwòrán ilé lójoojúmọ́ kò níṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo U yìí. Kó ra H, kó gbà pé ẹ̀rọ náà kò ní máa jáde lemọ́lemọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó sanwó, ó yẹ kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀ (reset), kó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń bèèrè ímeèlì ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ náà ṣì tì í pa, tàbí tí BIOS rẹ̀ (ètò tó ń kọ́kọ́ jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé) ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà ò mọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni bátìrì. Tí wọ́n bá tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ), Windows á kọ nọ́ńbà méjì síta: Design Capacity ni agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun, Full Charge Capacity ni èyí tó kù. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí ìkejì sì jẹ́ 28,000, ó ti lo fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì ayé rẹ̀, owó bátìrì tuntun sì yẹ kó jáde lára iye tí ọlọ́jà ń pè. Lára T480, bátìrì méjì ló wà: ọ̀kan wà nínú, èkejì wà lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn yìí sì ṣeé fọwọ́ fà yọ kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.