Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi A.C. sí 16, kò lè tètè tutù torí ẹ̀ o

Ọdún kan báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìwọ́de Ojúde Ọba, rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa wọ họ́ọ̀lù kan n'Ìjẹ̀bú-Òde pé ká jẹun ká jó díẹ̀. Ooru tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ rò ó wò ná, aṣọ òkè lára, agbádá lórí ẹ̀, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, àwọn ìyàwó wa pẹ̀lú gèlè, gbogbo wa ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, a sì máa tó 300 nínú họ́ọ̀lù yẹn. A.C. tó máa ń dúró nílẹ̀ mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ké sí ọmọ tó ń mójú tó họ́ọ̀lù, "Ìwọ ọmọ yìí, fi sí 16 jàre! 16 ni kó o fi sí!" Ọmọ yẹn tẹ rìmóòtù, ó gbé e wá fi hàn wọ́n, inú bàbá dùn. Títí tá a fi kúrò níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ A.C. àti fíríìjì ni mò ń ṣe, àmọ́ èèyàn ò kì í bá àgbà jiyàn níbi ìnáwó, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wá kù síbí tí mo ti lè sọ ọ́: 16 yẹn ò lè mú kí ilé tètè tutù.

Ẹ wò ó, ká ní o wà l'Ọ́jọ́ta, o ń kánjú dé Ìjẹ̀bú-Òde, o wá sọ pé mọ́tò Bìní lo máa wọ̀ torí pé Bìní ló jìnnà jù. Ṣé mọ́tò Bìní máa torí ẹ̀ sáré ju ti Ìjẹ̀bú lọ? Ojú ọ̀nà kan náà ni, ó kàn máa gbé ẹ kọjá ibi tó o ń lọ ni, wàá sì sanwó Bìní. Nọ́ńbà tó wà lójú rìmóòtù yẹn, ibi tó o ti fẹ́ kó dúró ni, kì í ṣe bó ṣe máa sáré tó.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Níbi tí A.C. ti ń fa atẹ́gùn inú yàrá wọlé, nǹkan kékeré dúdú kan wà níbẹ̀ tó rí bí hóró ẹ̀wà, tó ní wáyà lẹ́yìn, sẹ́ńsọ̀ là ń pè é. Òun ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù, ìyẹn ọpọlọ A.C., pé yàrá ti gbóná dé ibi báyìí. Tí yàrá bá wà ní 32, o fi sí 24 o, o fi sí 16 o, ọ̀rọ̀ kan náà ni bọ́ọ̀dù máa sọ fún kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó wà níta tó ń mú kí A.C. tutù: "a ò tíì débẹ̀, máa ṣiṣẹ́ lọ." A.C. tí kì í ṣe inverter, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ ò mọ̀ ju kó ṣiṣẹ́ tàbí kó dúró, kò sí ìlàjì. Ti inverter lè rọra, ó lè sáré, òótọ́ ni, àmọ́ nígbà tí ilé ṣì gbóná gbogbo agbára ẹ̀ náà ló máa fi ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá ń sún mọ́ nọ́ńbà tó o fún un ló máa ń rọra. Fáànù tí wọ́n bá fi sí auto nìkan ló lè yí díẹ̀ sí i torí 16, ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣáà lè fọwọ́ ara ẹ tẹ fáànù sókè.

Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan wà l'Amẹ́ríkà, ní Whitewater, ìpínlẹ̀ Wisconsin, Warren Johnson lorúkọ ẹ̀. Lásìkò òtútù, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìwé á máa já wọ kíláàsì kiri láti wò ó bóyá ó gbóná tàbí ó tutù, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tún ibi tí ooru ń gbà jáde ṣe. Ó sú Johnson. Ohun tó ṣe, tó sì gba pátẹ́ǹtì ẹ̀ ní 1883, aago ló ń lù fún ọkùnrin yẹn nísàlẹ̀ pé ó ti tó tàbí kò tíì tó. Ẹ ṣáà ti rí i pé aago lásán ni, kò fi igi kún iná. (Àwọn èèyàn wa tó ti jápa náà ń ṣe irú ẹ̀ lódì kejì, wọ́n á wọlé látinú yìnyín, wọ́n á fi hítà sí 30.)

Kí ló wá ṣe họ́ọ̀lù wa? Èèyàn ni. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń gbé ooru bíi 100 wáàtì jáde lára, ẹni tó ń jó kọjá bẹ́ẹ̀. Èèyàn 300 ti jẹ́ 30,000 wáàtì nìyẹn, ẹ ò tíì ka páànù òrùlé àti kúlà oúnjẹ. A.C. 2 họ́ọ̀sì kan ń kó ooru bíi 5,000 wáàtì síta, mẹ́rin jẹ́ 20,000. A.C. mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ gbèsè kí bàbá tó ké sí ọmọ yẹn. Ẹ sì má rò pé A.C. ń gbé atẹ́gùn tuntun wọlé o, irú èyí tá a ń lò nílé, atẹ́gùn kan náà ló ń yí po, ìdí nìyẹn tí òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù kì í fi lọ.

Ní yàrá, owó lẹ máa fi mọ̀. 1 họ́ọ̀sì ń jẹ bíi 900 wáàtì. Tẹ́ ẹ bá fi sí 16 tí yàrá ò lè dé 16 láéláé, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ò ní sinmi, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ yúníìtì méje ó lé díẹ̀, lórí Band A tí yúníìtì kan ti lé ní 200 náírà, ó ti lé ní 1,400 lóru ọjọ́ kan. Wọ́n á tún máa sọ pé àwa Ìjẹ̀bú ń ṣahun! Ní Íńdíà, látìgbà tí 2020 ti bẹ̀rẹ̀, 24 ni ìjọba ní kí A.C. ilé tuntun máa wà tó bá ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹ fọ fítà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnnì sí oòrùn, ó sàn ju 16 lọ.

Oníbàárà mi kan ní Ṣágámù pè mí lóṣù tó kọjá, "Ẹnjiníà, A.C. yìí ò tutù o." Mo débẹ̀, ìyá náà ń pa á ń tàn án. Tẹ́ ẹ bá pa á, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ máa ń dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún gbéra, kó má bàa bàjẹ́ ni, wọ́n ṣáà ń dá a padà sẹ́yìn. Mo gba rìmóòtù, mo ní kí wọ́n lọ parí ìkọ́kọrẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n ń wá ìborùn. Mo ní ká fi í sílẹ̀ ní 24, wọ́n ní láéláé, 20. A ná an títí, a parí ẹ̀ sí 22.