Put off, call off, take off: bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì padà

Bí wọ́n bá lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé “The meeting has been put off”, ìpàdé ṣì ń bọ̀, ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sún síwájú. Bó bá jẹ́ “The meeting has been called off” ni wọ́n kọ, kí oníkálukú máa lọ sílé, wọ́n ti fagi lé e. Off kan náà ló wà nínú méjèèjì. Put, tó jẹ́ kéèyàn gbé nǹkan síbì kan, kò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́. Call, tó jẹ́ kéèyàn pe ẹnì kan, kò mọ nǹkan kan nípa fífagi lé ìpàdé. Ẹni tó bá ní òun á ro ìtumọ̀ put pọ̀ mọ́ ti off kí òun lè mọ put off, ìṣirò rẹ̀ kò ní bára dé.

Irú àkànpọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní phrasal verb: ọ̀rọ̀-ìṣe tó wọ́pọ̀ bíi go, get, take, put, look, turn tàbí break, tí ọ̀rọ̀ kékeré bíi up, out, off, on tàbí down tẹ̀ lé, tí méjèèjì wá ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe òní ló ti ń da àlejò láàmú. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gbé jáde lọ́dún 1755, ó sọ pé ibí yìí ni ìṣòro ńlá wà fún àjèjì, ó sì to fall on, fall off, set in, set out àti ọ̀pọ̀ míì sílẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àmọ́ àjèjì yàtọ̀ síra. Elédè Yorùbá ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò kàn fura ni. Ẹ wo gbàgbọ́. Èèyàn lè gba lẹ́tà, ó sì lè gbọ́ ariwo, síbẹ̀ kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí wọ́n bá sì ní ẹnì kan tan ọmọdé jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ ọmọ kankan. Bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ la bà àti jẹ́ sọ́tọ̀, ẹ kò ní rí ìbàjẹ́ kankan nínú èyíkéyìí. Àwọn olùkọ́ gírámà ń pe èyí ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, torí pé àbọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ṣe nǹkan náà sí, ló máa ń là á sí méjì: ó ba aṣọ náà jẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní “ó bàjẹ́ aṣọ náà”.

Gẹ̀ẹ́sì náà ń la tirẹ̀, àmọ́ òfin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n paná lè sọ pé “Turn off the light”, ó sì lè sọ pé “Turn the light off”; kò séyìí tó burú nínú méjèèjì. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá dé ni òfin náà tó le. “Turn it off” nìkan ló tọ́. “Turn off it” máa dun etí elédè Gẹ̀ẹ́sì bí “ó bàjẹ́ ẹ” ṣe máa dun etí tiwa, ibi tí “ó bà á jẹ́” ti yẹ kó wà. Ẹni tó bá rántí “bà á jẹ́” kò tún nílò òfin míì. Àbọ̀ tó gùn jànràn-janran ní tiẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní kéèyàn turn iná tó wà nínú yàrá tó kángun sí ọgbà off, olùgbọ́ á ti gbàgbé turn kí off tó dé.

Àwọn kan wà tí kò ṣeé là rárá. Look at, look after àti run into máa ń di àbọ̀ wọn mú lápá ọ̀tún: “look at it”, kì í ṣe “look it at”. Etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú “turn it off”, orí off ni ohùn ti ń le. Nínú “look at it”, orí look ló ti ń le, at á kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn míì kò tiẹ̀ ní àbọ̀: ọkọ̀ kan break down, ẹnì kan turn up nígbà tí wọn ò retí rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta náà wà, irú bíi put up with, tó jẹ́ ìfaradà, àti run out of, tó jẹ́ pé nǹkan tán mọ́ni lọ́wọ́. Lára wọn, look forward to ló ń mú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá. To inú rẹ̀ kì í ṣe to tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ “I look forward to meeting you”, tí kì í ṣe “to meet you”.

Kí wá ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń ṣe gan-an? Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àdììtú. Up máa ń jẹ́ òkè, òótọ́ ni, àmọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, tán ni. Eat up: jẹ ẹ́ tán. Drink up: mu ún tán. Use up: lò ó tán. Kò sí òkè kankan níbẹ̀. Down tiẹ̀ sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí write it down kò yàtọ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ náà ni èdè méjèèjì ń tọ́ka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. On máa ń ṣe iṣẹ́ tí lọ ń ṣe nínú “máa sọ̀rọ̀ lọ”: talk on, carry on, go on. Off sábà máa ń jẹ́ kúrò: cut off, wipe off, drive off. Out máa ń mú nǹkan tó fara pa mọ́ jáde síta, bíi nínú find out. Ẹni tó bá fojú yìí wò wọ́n á rí i pé ìdàrúdàpọ̀ náà dínkù gan-an. Kì í tán o. Give up jẹ́ kéèyàn jáwọ́ nínú nǹkan, slow up àti slow down sì jẹ́ ohun kan náà, kí ẹni tó ń wá òfin lọ fara balẹ̀.

Ohun tó ń mú wọn le ju èyí lọ ni pé ọ̀kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́rin. Take off bàtà, a bọ́ ọ. Bàlúù take off, ó gbéra. Òwò ẹnì kan take off, ó ti ń búrẹ́kẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sì take a day off gba ìsinmi ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́. Make up náà lè jẹ́ kéèyàn hùmọ̀ irọ́, ó sì lè jẹ́ kí àwọn tó jà parí ìjà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló ń sọ èyí tó jẹ́: ta ló ṣe é, kí ni wọ́n ṣe é sí. Bàtà kì í gbéra, bàlúù kì í sì í ṣe ohun tí à ń bọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n fi tò wọ́n náà tún ń yí ìtumọ̀ padà. Look over ìwé ìṣirò kan, o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Overlook rẹ̀, o ti fojú fò ó, ó sì lè mú wàhálà wá. Bí phrasal verb bá sì di ọ̀rọ̀-orúkọ, méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, ohùn tó le á sì sún wá síwájú. Èèyàn á log in, ohun tó fi wọlé á jẹ́ login. Á back up iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀dà tó pa mọ́ á jẹ́ backup. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń dà á rú. Elédè tó ń fi ohùn ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ kò yẹ kó rí èyí bíi tuntun.

Wọ́n tún máa ń sọ pé phrasal verb kò yẹ nínú ìwé gidi. Àsọdùn ni. Ìtàn ló fa èrò náà: lẹ́yìn tí àwọn Norman, tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ England lọ́dún 1066, Faransé di èdè ààfin, Látìnì sì ni èdè ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì ló sì ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí put off fi ní postpone lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí put out iná fi ní extinguish, tí put up with fi ní tolerate. Ọ̀rọ̀ Látìnì máa ń dà bí aṣọ ìmúròde. Ẹni tó bá ń sọ extinguish nílé nítorí àbẹ́là kan kò ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó kàn wọ agbádá wọ ilé ìdáná ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní tiwọn ń kọ carry out sínú àbọ̀ ìwádìí, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn wí.

Kíkọ́ wọn láti A dé Z, bí àwọn ìwé kan ṣe tò wọ́n, ló ń sú akẹ́kọ̀ọ́ jù: get up, get over, get by, get away, gbogbo wọn á jọra lójú títí kò ní sí èyí tó dúró. Àwọn onímọ̀ èdè méjì, Gardner àti Davies, ka phrasal verb inú British National Corpus, àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tó tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọ̀rọ̀, wọ́n sì rí i lọ́dún 2007 pé ọ̀rọ̀-ìṣe 20 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré 8 péré ló kó ju ìdajì wọn lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù kò pọ̀. Ó sàn kéèyàn kọ́ wọn pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n ń gbé, irú bí èyí tó lè wọlé sórí fóònù ẹnikẹ́ni:

“Please fill in the form and drop it off on Monday. If something comes up, call me back.”

Fill in: kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn àlàfo inú fọ́ọ̀mù. Drop it off: lọ fi sílẹ̀ níbẹ̀, má sì ṣe jù ú sílẹ̀, it sì wà láàárín gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Call back: pè padà, padà náà ló wà níbẹ̀. Comes up ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró lé lórí, tó ń wá ohun tó fẹ́ gòkè. Kò sóhun tó ń gòkè. Bí nǹkan bá yọjú ni.