Iná Àwọ̀ Ewé Lórí Túnà Kò Tíì Tó

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń ta gìtá béèsì, pàápàá ní ṣọ́ọ̀ṣì: bí túnà, ẹ̀rọ tó ń wò bóyá ohùn okùn pé, bá ti tan iná àwọ̀ ewé fún okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gìtá ti pé nìyẹn. Bí ohùn bá wá yapa nígbà tí ọwọ́ gòkè ọrùn gìtá, ẹni tó ń ta á ni wọ́n á dá lẹ́bi. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá fi èyí bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ wí, nígbà tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Okùn tí a kò tẹ̀ ni túnà wò. Tí a bá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ó kúrú, ó sì tún nà díẹ̀; nínà yẹn ló ń mú kí ohùn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí saddle (irin kékeré tí okùn gbé lé) orí bridge (ibi tí okùn dé sí lára gìtá) fi ń rìn síwá sẹ́yìn: a ó fi kún gígùn okùn díẹ̀, kí ohùn lè padà sáyè rẹ̀. Lára Precision Bass, gìtá béèsì tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1951, okùn méjì ló ń pín saddle kan. Ibi tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu. Ní 1957 ni okùn kọ̀ọ̀kan tó ní tirẹ̀.

Dán tìrẹ wò. Gbé gìtá sọ́rùn bí ìgbà tí o fẹ́ ta á. Fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì 12, ta á, kí túnà kà á. Wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an, má tẹ̀ ẹ́ le. Bí èyí tí o tẹ̀ bá ga ju ti àkọ́kọ́, fa saddle sẹ́yìn. Bí ó bá rẹlẹ̀, tì í sí ìhà ọrùn. Lẹ́yìn gbogbo sísún, tún okùn náà yí títí túnà á fi tan iná àwọ̀ ewé, kí o tó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Okùn tó ti gbó kì í gba àtúnṣe yìí, pààrọ̀ rẹ̀ ná. Truss rod, irin gígùn inú ọrùn gìtá, kọ́ ni a fi ń ṣe èyí o! Ọrùn tó tẹ̀ nìyẹn wà fún. Ṣe ọrùn àti gíga okùn kí o tó fọwọ́ kan saddle, nítorí bí okùn bá ṣe ga sí ni títẹ̀ á ṣe nà án tó. Okùn tí à ń pè ní E ni kí o fún ní àsìkò jù. Òun ló nípọn jù, saddle rẹ̀ ló sì sábà máa ń jìnnà sí ọrùn jù lọ.