Ibi tí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ti ṣẹ̀ wá

Tí mọ́ṣíìnì bá gé èèyàn lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, tàbí tẹ́nì kan já bọ́ látorí àkàbà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá ni "ṣé kò ríran ni?" àti "ta ló ní kó fọwọ́ kan ibẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni ṣáá. Àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé tó bá ti jẹ́ àìfiyèsí àwọn ló fà á, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kí àwọn máa dúpẹ́ pé ọ̀gá san bíìlì ọsibítù. Bẹ́ẹ̀ òfin ti yọ ọ̀rọ̀ "ẹ̀bi ta ni" kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ojú àwọn èèyàn sì rí màbo kí wọ́n tó yọ ọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń jẹ́ Charles Priestley, ọ̀dọ̀ alápatà kan tó ń jẹ́ Thomas Fowler ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Market Deeping. Lọ́dún 1835 ọ̀gá ní kó bá wọn gbé ẹrù lọ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ẹrù yẹn pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ, ni ọkọ̀ bá já lójú ọ̀nà, ọmọ ṣubú, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, àwọn jọ́rì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, ní kí ọ̀gá san £100. Ọ̀gá ò gbà, ẹjọ́ dé iwájú adájọ́ Lord Abinger ní 1837, adájọ́ sì da ìdájọ́ yẹn nù pátápátá. Ó ní tóun bá gbà pé kí ọ̀gá sanwó, a jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ á tún máa pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ torí pé ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fi bẹ́ẹ̀dì tó tutù sílẹ̀ fún un. Ó tún ní ọmọ yẹn náà mọ bí ọkọ̀ ṣe rí bí ọ̀gá ṣe mọ̀ ọ́n, tó bá rí i pé ewu wà níbẹ̀ ó lè kọ̀ pé òun ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Látinú ẹjọ́ yẹn àtàwọn mí-ìn tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń lé òṣìṣẹ́ padà sílé: tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ẹ ló ṣe ọ́ léṣe, kò kan ọ̀gá, tó o bá mọ̀ pé iṣẹ́ náà léwu tẹ́lẹ̀, o ti gbà á bẹ́ẹ̀ nìyẹn, tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ tìẹ náà wà níbẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, o ò rí kọ́bọ̀ gbà. Àsìkò yìí gan-an ni rélùwéè àti ibi ìwakùsà ń gba èèyàn lọ́tùn-ún lósì o.

Ilẹ̀ Jámánì ló kọ́kọ́ já okùn yẹn. Bismarck, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn, ti fòfin de ẹgbẹ́ àwọn sósálístì ní 1878, ẹ̀rù sì ń bà á pé àwọn òṣìṣẹ́ á ṣì máa tẹ̀ lé wọn, ìyẹn ló ṣe wá òfin tó máa mú kí òṣìṣẹ́ rí ìjọba bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Èmi ò rò pé àánú ló ń ṣe é, àmọ́ ohun tó jáde níbẹ̀ dáa gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òfin yẹn kọ́kọ́ forí ṣánpọ́n nílé aṣòfin kí wọ́n tó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 1884. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó wà nídìí òwò kan náà á kóra jọ di ẹgbẹ́, wọ́n á máa dáwó bí ẹni dá àjọ, àmọ́ ẹni tó bá fara pa ló máa ń kó o. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sínú ẹ̀. Owó ìtọ́jú àìsàn ló máa gbé ọ̀sẹ̀ 13 àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá á máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀, tó bá sì kú, opó àtàwọn ọmọ ẹ̀ á máa gba tiwọn. Àfi ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara ẹ̀ léṣe, kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹ̀bi. Ohun tí òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ nínú àdéhùn yẹn ni pé kò lè pe ọ̀gá ẹ̀ lẹ́jọ́ mọ́, àyàfi tí ọ̀gá bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ìjàǹbá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbìyànjú òfin kan ní 1880, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀bi ibi iṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ní kẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ gbà síṣẹ́ kọ́kọ́ sáìn pé òun ò ní béèrè nǹkan kan lábẹ́ òfin náà, kóòtù sì fọwọ́ sí i fún wọn ní 1882! Ìgbà tó di 1897 ni Joseph Chamberlain, ọ̀kan lára àwọn mínísítà wọn, ti òfin mí-ìn kọjá, ìyẹn Workmen's Compensation Act, tó ní tí ìjàǹbá bá ti jẹ mọ́ iṣẹ́, tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ọ̀gá sanwó: ìlàjì owó ọ̀sẹ̀, àmọ́ kó má ju £1 lọ, tó bá sì la ikú lọ, owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún àwọn tó fi sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju £300.

Ní Amẹ́ríkà, New York ṣe tiẹ̀ ní 1910, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì fagi lé e lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta 1911, wọ́n ní kò bófin mu kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ̀bi. Ọjọ́ kejì gan-an ni iná sọ nílé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York kan náà, èèyàn 146 kú, ọmọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, torí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì pa. Nígbà tó fi máa di 1914, òfin ti padà.

Tiwa ńkọ́? Ọdún 1941 ni ìjọba amúnisìn gbé Workmen's Compensation Ordinance jáde ní Nàìjíríà, ti 1897 yẹn ni wọ́n fi ṣe àwòkọ, ìyẹn ni pé ọrùn ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ni ẹrù wà. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ nìyí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pa ètò yẹn tì lọ́jọ́ 5 oṣù keje 1948, wọ́n gbé e lé owó àpapọ̀ ti ìjọba lórí, àwa sì ń lò ó lọ fún ọdún 62 sí i. Wọ́n tún un ṣe ní 1987, owó iṣẹ́ oṣù 42 fún ẹbí ẹni tó kú, oṣù 54 fún ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láyé, wọ́n á kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gé lọ́mọ ọdún 25, kí lowó ọdún mẹ́rin ààbọ̀ fẹ́ ṣe fún un? Tí kọ́ńpìnì bá sì ti kógbá sílé ńkọ́?

Oṣù Kejìlá 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Employees' Compensation Act, tẹ́ ẹ bá sì wò ó dáadáa, ọ̀nà Jámánì la padà gbà. Gbogbo ọ̀gá á máa san ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san, sínú àpò kan tí NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀, ń mójú tó, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Àfi àwọn sọ́jà nìkan ni ò sí nínú ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kásúà wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá wà níbẹ̀, bó ṣe ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ wà níbẹ̀, tàbí láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi tó ti máa ń jẹun. Tí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n á máa gbà lóṣooṣù.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ọjọ́ wà fún un. Láàárín ọjọ́ 14 ni kẹ́ni tó fara pa, tàbí ẹbí ẹ̀, sọ fún ọ̀gá: orúkọ, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ìwé tẹ́ ẹ máa fi béèrè owó náà gbọ́dọ̀ wọlé kí ọdún kan tó pé, torí náà ẹ má jẹ́ kí "a máa wá nǹkan ṣe sí i" gbé ọjọ́ kọjá. Tí wọ́n bá sì gbé bébà wá bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sáìn pé owó báyìí lẹ gbà, ẹ ò ní béèrè nǹkan kan mọ́, òfin 2010 ti sọ pé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kódà kẹ́ ẹ ti sáìn ín.