Bí Ìtọ́jú Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí í Wá Bá Ọmọ Nílé Ìwé

Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kì í ráyè gbé ọmọ lọ sí ọsibítù nítorí làpálàpá. Tó bá fi gbogbo àárọ̀ jókòó dúró de káàdì, ẹja á bàjẹ́, owó oúnjẹ ọjọ́ náà á sì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọkọ̀ ìwòsàn alágbèéká tó ń wọ ọgbà ilé ìwé sí nǹkan ńlá.

Kì í ṣe ìwòsàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ọmọ nílé ìwé o. Lílé ni. Ní 1894, ìlú Boston ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rán dókítà lọ yẹ àwọn ọmọ ilé ìwé wò, New York náà sì tẹ̀ lé e. Dókítà á wo ojú ọmọ, á wo orí rẹ̀. Tó bá rí iná orí, làpálàpá tàbí ojú tó ń ṣepin, ilé yá. Kò sí oògùn. Ọmọ olówó á rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tálákà á máa ṣeré kiri àdúgbò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ lé, wọ́n á tún máa kó o ran ara wọn. Ní September 1902, ọmọ 10,567 ni wọ́n dá padà sílé ní New York. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan, Lina Rogers, sí ilé ìwé mẹ́rin. Ó ń fọ egbò, ó ń fi oògùn pa orí, tí ilé ìwé bá sì pa, á lọ bá ìyá ọmọ nílé, á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n gba nọ́ọ̀sì kún un. Nígbà tó fi máa di September 1903, iye tí wọ́n dá padà ti di 1,101. Obìnrin yìí ni mo kà sí ìyá iṣẹ́ náà.

Nílẹ̀ wa, Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé ló bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọmọ ilé ìwé l'Ékòó ní 1925, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa èèyàn nígboro. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló la ọ̀nà fún un. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn la wà títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, nítorí náà ètò Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955 kàn wá. Ọmọ apẹja tí kò rówó ilé ìwé san wá wọ kíláàsì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń wá ọmọ tálákà láti tọ́jú ti mọ ibi tó ti lè bá ọgọ́rùn-ún wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń pín oògùn àtọ̀sí ajá nílé ìwé, àrùn tí ọmọ ń kó nínú odò tó ti ń lúwẹ̀ẹ́. Wọn kì í gbé ìwọ̀n wá. Igi gígùn kan tí wọ́n fàlà sí lára ni wọ́n ń gbé ti ògiri. Ọmọ á bọ́ bàtà, á fẹ̀yìn tì í. Ibi tí orí rẹ̀ bá dé ló ń sọ iye hóró tí yóò lò: ẹyọ kan, ẹyọ kan àtààbọ̀, méjì. Oògùn náà tóbi, ó korò, ó sì máa ń rú ọmọ nínú tí kò bá jẹun, ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "O ti jẹun?" Àwọn mìíràn á mirí.

Ibi tó ń dùn mí ni ìwé tí wọ́n ń kọ fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ju ti inú ọkọ̀ lọ, pé kó lọ sí ọsibítù ńlá. Láti abúlé etí ọ̀sà, owó ọkọ̀ ojú omi ń bẹ níbẹ̀, owó ọ̀kadà ń bẹ níbẹ̀. Mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú báàgì ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ ń ṣọyún. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí ọkọ̀ ti lọ. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi há àárín ìwé ìṣirò rẹ̀.