Ẹ má pe safety car ní "ọkọ̀ ààbò" mọ́, ẹ jọ̀ọ́

Lọ́dún 2023 tá a lọ wo ìje mọ́tò Fọ́múlá Wọ́ọ̀nù ní Singapore, èyí tí wọ́n máa ń sá lóru yẹn, ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ jókòó kàn fò dìde, "Ọkọ̀ ààbò ti jáde o!" Safety car ni wọ́n ń sọ, mọ́tò tó máa ń bọ́ síwájú àwọn mọ́tò ìje tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí eré wọn lè dín kù. Inú bí mi. Ọkọ̀ ààbò kẹ̀? Tẹ́ ẹ bá sọ fún màmá mi nílé pé ọkọ̀ ààbò ń bọ̀, mọ́tò tí wọ́n fi ń kówó báǹkì ni wọ́n máa rò, tí mópó gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kàn wo dikiṣọ́nárì, ó rí safety, ó kọ ààbò, ó tán. Àwọn mìíì ní "adáréjedúró", ìyẹn ló tún burú jù, torí eré ìje ò dúró, wọ́n ṣì ń ka róńdì lọ, àsíá pupa ló ń dá a dúró. Àwọn tó ní "páìlọ́ọ̀tì" gbìyànjú díẹ̀, àmọ́ ṣebí torí kí ọ̀gá lè sáré ni páìlọ́ọ̀tì gómìnà ṣe ń lé gbogbo wa kúrò lọ́nà?

Mọ́tò Rọra lèmi ń pè é. Ta ni ò tíì pariwo "Dírẹ́bà, rọra!" nínú dánfó rí? Má dúró, má sáré, nǹkan ń bẹ níwájú: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló kó gbogbo ẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní kò dún bí ọ̀rọ̀ ìwé. Alùpùpù ńkọ́, ṣé inú ìwé la ti kọ́kọ́ rí i ni?

Ẹ wo ọ̀nà tóóró kan tí tírélà tó ru yanrìn wà níwájú: jíípù tó ti fi máìlì méjì ju Micra lọ máa bá tírélà yẹn, kò sáyè ófátéèkì, á máa rọra tẹ̀ lé e, kò ní pẹ́ tí Micra máa débẹ̀, imú kan ìdí. Gbogbo eré tí jíípù ti sá ti wọlẹ̀. Ohun tí Bernd Mayländer, ará Jámánì tó ti ń wa Mọ́tò Rọra látọdún 2000, ń ṣe fún wọn nìyẹn. Ẹni tó bá wọ pit, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ pààrọ̀ táyà lásìkò yẹn ò sì ní pàdánù púpọ̀, torí àwọn tó kù ò lè sáré.

Títì ìgboro ni Marina Bay tí wọ́n ti ń sá ìje Singapore yẹn, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì, kò síbi tí wọ́n máa ti mọ́tò tó bá bàjẹ́ sí, ìdí nìyẹn tí Mọ́tò Rọra fi jáde nínú gbogbo ìje tí wọ́n sá níbẹ̀ láti 2008 títí dé 2023. Ní 2008 yẹn gan-an, àwọn ọ̀gá tíìmù Renault ní kí dírẹ́bà wọn, Nelson Piquet Jr., mọ̀ọ́mọ̀ forí sọ ògiri lẹ́yìn tí Fernando Alonso, dírẹ́bà wọn kejì, ti pààrọ̀ táyà tán, kí Mọ́tò Rọra lè jáde wá kó gbogbo wọn jọ, Alonso tó bẹ̀rẹ̀ láti ipò 15 ló gbégbá orókè, àṣírí sì tú ní 2009. Ṣé ààbò ni wọ́n ń wá? Wọ́n fẹ́ kí àwọn tó wà níwájú rọra ni!

Lálẹ́ tí mò ń sọ yìí, dírẹ́bà kan, Logan Sargeant, ló fi imú mọ́tò gbá ògiri, ó wá ń wọ́ ìyẹ́ iwájú lábẹ́ mọ́tò bọ̀, ó ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́ lójú títì. Iná aláwọ̀ ọsàn ń ṣẹ́jú lórí Mọ́tò Rọra, ariwo ẹnjíìnì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n yẹn bá jókòó padà, wọ́n ní, "Wọ́n ti ń rọra báyìí." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?"